Ọ̀kẹ́ Kan: Ohun Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú wa, ní Òmù-Àrán)

  

Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀, a mọ̀ pé wọ́n ń retí ọ̀rọ̀ lórí ìwà àwọn ọmọ ilé-ìwé, nítorí òun ni àwọn olùkọ́ máa ń sọ nígbà tí a bá gbé wọn sórí pèpéle. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì wá. Iye kan ṣoṣo ni a gbé wá. Iye náà ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí àwọn ọmọ yín ń kọ sílẹ̀ báyìí pé 20,000.

Ohun tí ó mú un wá sí wa lọ́kàn kò jìnnà. Ní ìpàdé wa ti èṣí, nígbà tí a ń ka ìṣirò owó, a gbọ́ "mílíọ̀nù kan" nínú rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tẹ̀ sí wa létí, ó ní, "Tíṣà, ọ̀kẹ́ mélòó ni ìyẹn?" A lanu, èsì kò jáde. Àwa tí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún! A ní kí bàbá jẹ́ kí a wò ó ná. Kí a tó wò ó tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wà lẹ́yìn wa ti dáhùn pé, "Bàbá, ọ̀kẹ́ àìmọye ni." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àádọ́ta ni. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni." Ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó sì yí ojú padà sí ẹni tí ń ka ìwé. Ìtìjú ọjọ́ náà ni ó bí ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí.

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ kì í ṣe àṣìsọ tirẹ̀ nìkan. Gbogbo wa ni a ń sọ ọ́: ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn, ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Iye ọ̀kẹ́ tí ó wà níbẹ̀ ni a kò mọ̀. Ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀ rárá. Òun ni ìwọ̀n tí àwọn bàbá wa fi ń wọn ohun tí ó pọ̀. Nísinsìnyí ìwọ̀n ti sọnù lọ́wọ́ wa, àìmọye nìkan ni ó kù.

Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ó ń di ẹgbàá, èyíinì ni 2,000, tí àwọn Òyìnbó máa ń pè ní orí kan nínú ìwé wọn. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó ń kún àpò kan, àpò náà ni à ń pè ní ọ̀kẹ́. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ètò yìí sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Kí ìwé náà tó jáde, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ìjọ C.M.S. tí ó gbé ní Ìjàyè, ti kọ̀wé lórí òǹkà wa, a sì tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887. Ó ṣàlàyé bí àwọn tí ń ka owó ṣe máa ń jókòó ti òkìtì ẹyọ, tí wọn a máa fi ọwọ́ fa márùn-ún márùn-ún sọ́dọ̀, títí yóò fi di ogún, tí ogún márùn-ún yóò di ọgọ́rùn-ún, tí ọgọ́rùn-ún méjì yóò sì di igba. Ẹ kíyèsí i pé a kò dárúkọ ìwé kankan nínú iṣẹ́ náà. Ọwọ́ ni, ojú ni, ẹnu ni.

Kí ẹ má ṣe da ọ̀kẹ́ yìí pọ̀ mọ́ àpò tí àwọn àgbà ń dárúkọ lọ́jà o. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni àpò kan kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1973. Nígbà tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, àpò kan di igba náírà, ibẹ̀ ni ó sì dúró sí títí di òní. Nítorí náà ọ̀kẹ́ kan náírà jẹ́ ọgọ́rùn-ún àpò. A ti rí ibi tí ìyá àti ọmọ gbé ṣe aáwọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí.

Báwo ni ọ̀kẹ́ kan ti pọ̀ tó? Bí ẹ bá lọ sí Ẹ̀sìẹ́, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ẹ ó rí àwọn ère òkúta nínú ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí a ṣí ní 1945, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọmọdé tí ó bá kọ́kọ́ wọlé níbẹ̀ yóò pariwo pé ère náà jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún ni. Ibi mìíràn bí Ẹ̀sìẹ́ mọ́kàndínlógún ni a ó tún wá rí kí ère tó tó ọ̀kẹ́ kan. Tàbí kí ẹ gbà á báyìí: bí ènìyàn bá ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìmu omi, láìsinmi, yóò lo wákàtí márùn-ún, ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ogún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó ka ọ̀kẹ́ kan tán. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí agogo méje òwúrọ̀ lù, ọ̀sán yóò ti pọ́n kí ó tó dìde.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀kẹ́ ti kéré jù fún ayé òde òní tí ìjọba ń fi bílíọ̀nù sọ̀rọ̀. A kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ọ̀kẹ́ kan, kí ẹ kó o jọ ní ọ̀nà ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni pé kí ẹ fi 20,000 sọ 20,000 di púpọ̀. Ohun tí ẹ ó rí ni 400,000,000. Ẹ gbé e lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ààbọ̀ rẹ̀ lé e, bílíọ̀nù kan gééré ni. Bílíọ̀nù kan nìyẹn lẹ́nu Yorùbá: ọ̀kẹ́ lọ́nà ọ̀kẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì àti ààbọ̀. Ẹni tí yóò ka bílíọ̀nù kan ní ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò lo ohun tí ó lé ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kí ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò.

Ẹ jẹ́ kí a tú àpò náà wò wàyí. Iye tí ó bá lè pín òmíràn láìṣẹ́kù ni a ó máa pè ní olùpín rẹ̀. Àwọn iye kan wà tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni pín wọn, àfi ọ̀kan àti àwọn fúnra wọn: èjì, ẹ̀ta, àrún, èje, mọ́kànlá, mẹ́tàlá, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì wa ń pè wọ́n ní alágídí, a sì fi orúkọ náà sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo iye tí ó kù ni a fi àwọn alágídí mọ, bí a ti ń fi bíríkì mọ ilé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni a sì lè gbà mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kẹ́ ńkọ́? Okùn jẹ́ ogójì, ìyẹn ni èjì mẹ́ta àti àrún kan. Àádọ́ta jẹ́ èjì kan àti àrún méjì. Ẹ̀wá jẹ́ èjì kan àti àrún kan. Bí a bá fi gbogbo wọn sọ ara wọn di púpọ̀, èjì márùn-ún àti àrún mẹ́rin ni ọ̀kẹ́ kan: 2×2×2×2×2 jẹ́ 32, 5×5×5×5 jẹ́ 625, 32 lọ́nà 625 sì jẹ́ 20,000. Kò sí ẹ̀ta nínú rẹ̀, kò sí èje, kò sí ohun mìíràn. Ọwọ́ méjì tí ó ní ìka márùn-ún márùn-ún ni gbogbo rẹ̀.

Láti ibẹ̀ a lè mọ iye olùpín tí ó ní láìjẹ́ pé a ń wá wọn kiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ olùpín kan yóò kọ́kọ́ yan iye èjì tí òun yóò mú: kò sí rárá, tàbí ọ̀kan, títí dé márùn-ún, ọ̀nà mẹ́fà nìyẹn. Yóò yan iye àrún bákan náà, kò sí rárá títí dé mẹ́rin, ọ̀nà márùn-ún. Ẹ̀fà lọ́nà àrún jẹ́ ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n olùpín ni ọ̀kẹ́ kan ní, kò lé, kò dín. Bí ènìyàn méjì bá fẹ́ pín in, ó gbà. Mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́wàá, mẹ́rìndínlógún, ogún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n, ó gbà fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí bàbá kan bá ní ìyàwó mẹ́ta, tí ó fẹ́ pín ọ̀kẹ́ kan láàrin wọn, 6,666 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì yóò sì ṣẹ́kù. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó mẹ́ta ni ẹ lè sọ fún wa ohun tí a ń fi méjì náà ṣe.

Ọ̀gbẹ́ni Nicomachus ará Gerasa, tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 100 ọdún lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, kọ ìwé lórí ìṣirò ní èdè Gíríìkì, ó sì pín àwọn iye sí ìdílé mẹ́ta. Ó ní kí a kó gbogbo olùpín iye kan jọ, kí a yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò, kí a ro ìyókù pọ̀. Bí àròpọ̀ náà bá kéré sí i, iye náà jẹ́ aláìtó. Bí ó bá bá a mu gẹ́lẹ́, pípé ni. Ẹ̀fà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, nítorí 1 àti 2 àti 3 jẹ́ 6. 28, 496 àti 8,128 náà ń bẹ níbẹ̀. Bí àròpọ̀ bá sì ju iye náà lọ, alápọ̀jù ni. Gbogbo olùpín ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 49,203 ní àròpọ̀. Bí a bá yọ 20,000 kúrò, ó ku 29,203. Ọ̀kẹ́ jẹ́ alápọ̀jù. Ẹ wá wo aládùúgbò rẹ̀ tí ó ku ẹyọ kan kí ó tó o, 19,999. Olùpín mẹ́rin péré ni ó ní: 1, 7, 2,857 àti òun fúnra rẹ̀. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ 2,865. Aláìtó gidi ni. Ẹyọ owó kan ṣoṣo ni ó wà láàrin wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìwà wọn jìnnà sí ara wọn bí ilẹ̀ àti ọ̀run. Kò sí ohun tí a fẹ́ràn jù èyí lọ nínú gbogbo iṣẹ́ wa, pé iye méjì lè jókòó ti ara wọn kí wọ́n má jọ ara wọn rárá.

Ìdílé mìíràn tún wà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi orúkọ Achilles pè, jagunjagun Gíríìkì tí ó lágbára ṣùgbọ́n tí kò pé. Iye tí ó bá wà nínú ìdílé yìí, gbogbo alágídí tí ó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Síbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ iye kan tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ọ̀kẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èjì wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, àrún lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nítorí náà ó lágbára. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ kan bá kọ ọ̀kẹ́ kan ebè, kò lè tò wọ́n kí gígùn àti ìbú oko náà dọ́gba: 141 lọ́nà 141 jẹ́ 19,881, kò tó, 142 lọ́nà 142 jẹ́ 20,164, ó ti lé. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó pín in sí oko méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún ebè ní gígùn, ọgọ́rùn-ún ní ìbú. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí kún un: èyí tí ó kéré jù nínú ìdílé náà ni 72, èkejì ni 108, ẹ̀kẹta ni igba. Ẹgbàá náà wà nínú rẹ̀. Igba, ẹgbàá, ọ̀kẹ́, òpó mẹ́ta tí àwọn bàbá wa gbé ilé òǹkà lé, ìdílé kan náà ni wọ́n. A kò sọ pé wọ́n mọ Achilles. A sọ pé ẹni tí ó bá ń fi ọwọ́ fa márùn-ún, tí ó ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, tí kò dẹ́kun, ibẹ̀ ni yóò máa bá ara rẹ̀.

Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, olùkọ́ ìṣirò wa kan sọ fún wa pé òǹkà Yorùbá jẹ́ ọ̀nà ìgbẹ́, pé kí a gbàgbé rẹ̀ bí a bá fẹ́ kí ọmọ mọ ìṣirò. Ẹ̀rí rẹ̀ ni márùndínláàádọ́ta. Ó ní, ta ni yóò ka 45 kí ó kọ́kọ́ gun òkè dé ọgọ́ta, kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní mẹ́wàá, kí ó tún sọ̀ kalẹ̀ ní márùn-ún? A rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, a sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Ó le fún ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti lè sọ márùndínláàádọ́ta láìkọsẹ̀ ti ṣe ìyọkúrò méjì àti ìsọdìpúpọ̀ kan ní ẹnu rẹ̀ kí ó tó mú bírò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí a gbé fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú, tí a sì kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn. Ní November 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè àbínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e. Àwa kì í ṣe olóṣèlú. Ohun tí a mọ̀ ni pé kò sí òfin tí ó ní kí ọmọ má kàwé nínú ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan tí ó kan ara wa. Ọ̀kẹ́ kan ọjọ́ jẹ́ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta àti nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. A ṣírò rẹ̀, a sì rí i pé ọdún yìí ni ọjọ́ wa pé ọ̀kẹ́ kan láyé. Ìyá wa sọ fún wa láti kékeré pé Ọjọ́bọ̀ ni òun bí wa. A wo kàlẹ́ńdà: Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tí ó pé ọ̀kẹ́ náà. Ẹnu kọ́kọ́ yà wá, a fẹ́ kà á sí àmì. Lẹ́yìn náà a rántí pé ìṣirò ni. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn: ìdí nìyí tí ìtàdógún fi ń jẹ́ ìtàdógún, mẹ́tàdínlógún, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni ó wà láàrin ìpàdé kan àti èkejì. Bí a bá ka ọjọ́ ìbí sí ọ̀kan, ọjọ́ tí yóò pé ọ̀kẹ́ kan wà ní 19,999 ọjọ́ sí i. 19,999 sì ni aláìtó tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, èje lọ́nà 2,857. Ọ̀sẹ̀ 2,857 ni, kò ṣẹ́kù. Nítorí náà gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níhìn-ín, ọjọ́ tí a bí yín nínú ọ̀sẹ̀ ni ọjọ́ yín yóò pé ọ̀kẹ́ kan, ì báà ṣe Jímọ̀, ì báà ṣe Ọjọ́ Àìkú. Ti ọjà ọlọ́jọ́ mẹ́rin kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a bí ní ọjọ́ ọjà, ọjọ́ tí ọjà kù ọ̀la ni ọ̀kẹ́ rẹ̀ yóò pé.

Ó ku ìtàn kan. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bàbá ní ìpàdé èṣí, a sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún àti ẹ̀kẹfà ní ilé-ìwé wa pé a fẹ́ fi ojú rí ọ̀kẹ́ kan. Owó ẹyọ kò sí, ìdérí ìgò ni a fi rọ́pò rẹ̀. Odidi sáà méjì ni wọ́n fi ń ṣà á nílé ìsọmọlórúkọ, nílé ìgbéyàwó, lẹ́nu ọ̀nà àwọn tí ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àti níbòmíràn tí àwọn òbí wọn kò fẹ́ kí a dárúkọ. A fi ìṣó lu wọ́n, a sín ogójì ogójì sí okùn, a di àádọ́ta okùn pọ̀. Àwọn ọmọ gbọ́ pé àwọn Òyìnbó ń pe ẹgbàá ní orí, ó dùn mọ́ wọn, orí ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà. Àwa fúnra wa ni a ka orí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. A kọ ọ́ sára pátákó pé ó pé.

Ní ọjọ́ kejì a fẹ́ fi orí tí ó kẹ́yìn kọ́ wọn ní pínpín. A tú u sílẹ̀, a pe ọmọ mẹ́rìndínlógún jáde, a ní kí ọmọbìnrin kan pín in fún wọn. 2,000 fún 16, 125 ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́kù. Ọmọ náà pín in títí. 122 ni ó kàn wọ́n, mẹ́jọ sì ṣẹ́kù nílẹ̀. A ní ó ti ṣì í kà, kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe: 122, mẹ́jọ ṣẹ́kù. Ohùn wa ga díẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Orí tí ẹ kà kò pé."

Ẹ̀yin náà mọ bí ilé-ìwé yóò ti rí ní ìṣẹ́jú náà. Àwọn ọmọ dojú bolẹ̀ nínú ẹ̀rín. Ọmọbìnrin náà, nígbà tí ó gbọ́ ohun tí ó ti ẹnu òun jáde, fẹ́ sunkún. A pa wọ́n lẹ́nu mọ́, a sì ní kí ó ṣàlàyé. Ó ní, "Àádọ́jọ-dín-ní..." ó dákẹ́, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́: 122 lọ́nà 16 jẹ́ 1,952, mẹ́jọ lé e, 1,960. Ó ní, "Ogójì ni ó kù, sà. Okùn kan ni." Ó ní bí ìkà òun bá jẹ́ àṣìkà lásán, ohun tí yóò dín kò ní jẹ́ okùn kan gẹ́lẹ́.

A wá okùn náà. Ara ìṣó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ó wà, níbi tí àwa fúnra wa gbé e kọ́ sí nígbà tí a ń fi bí a ti ń sín in han olùkọ́ mìíràn. Ọ̀kẹ́ tí a kọ sára pátákó pé ó pé jẹ́ 19,960. Àwọn olùpín rẹ̀ ni ó tú wa fó. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú kíláàsì, èyí tí kò bá wa lára mu púpọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ.

Ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ yìí fún nìyí: kí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlú wa ní ọ̀kẹ́ kan tirẹ̀. Okùn, ìṣó àti àpò kò ju ohun tí a ń ná lórí omi inú ọ̀rá ní ìpàdé kan lọ, ìdérí ìgò kò sì wọ́n wa. Ẹ̀yin ará ìdálẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ fi ohun kan ránṣẹ́ sí i, okùn tí kì í jẹrà ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ìpàdé yìí, a mú bàbá tí ó bi wá ní ìbéèrè lọ sí ilé-ìwé. Àpò náà wúwo, kò kù púpọ̀ kí ó tó àpò sìmẹ́ńtì kan. Ọmọ mẹ́rin ni ó gbé e wá síwájú rẹ̀. Bàbá jókòó lórí ẹní, ó fa orí kan sọ́dọ̀, ó tú u sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ fa márùn-ún márùn-ún bí ìyá ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, ètè rẹ̀ ń mì, àwọn ọmọ sì dúró yí i ká, wọn kò pariwo. Nígbà tí ó dé òpin, ó gbọn ọwọ́ nù, ó wo ọmọbìnrin náà.

"Ó pé," ni ó wí. "Ẹ dì í."